Sí Gómìnà Ṣèyí Mákindé: Ta Ló Kọ́kọ́ Ń Dé Ibi Jàǹbá?

Ọlọ́lá Gómìnà, eruku ìbúgbàmù Bódìjà kò tíì rọlẹ̀ lọ́kàn wa, nítorí náà n kò ní fi ìkíni fa ọ̀rọ̀ gùn. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16, oṣù Kìn-ín-ní, 2024, ohun abúgbàmù sọ ilé di òkìtì ní Bódìjà, Ìbàdàn sì mì tìtì. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ ló kó o pamọ́ sáàárín ilé. Ẹ lọ síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ sì ṣèlérí pé ìjọba yóò san owó ìtọ́jú àwọn tó farapa. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n àbẹ̀wò kì í ṣe ìpalẹ̀mọ́, àbẹ̀wò sì ti pọ̀ tó ní ìlú yìí láti ìgbà tí odò Ògùnpa ti gbé èèyàn lọ ní 1980.

Nígbà jàǹbá, aládùúgbò ló ń kọ́kọ́ dé. Kí mọ́tò panápaná tó já ara rẹ̀ gbà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹni tó wà ní ojúlé kejì ti ń fọwọ́ lásán kó bíríkì kúrò lórí èèyàn. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Kò mọ̀ pé bí òun bá fa ẹni tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣẹ́ bó ṣe ń fà á yẹn, òun lè sọ ọ́ di arọ. Ìjọba yín ní nọ́ńbà pàjáwìrì, 615. Ẹ rán ẹnì kan lọ sí Ọjà Ọba kó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà, kí ẹ wá gbọ́ èsì.

Àìmọ̀ yìí lè pa èèyàn ju ohun abúgbàmù fúnra rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kìn-ín-ní, 2002, iná ràn mọ́ ibi tí wọ́n ń kó àdó olóró sí ní bárékè àwọn sójà n'Íkẹjà. Àdó ń dún, ilẹ̀ ń ṣú, ará ìlú kò sì mọ ibi tó yẹ kí wọ́n sá gbà. Wọ́n sá títí dé kánáàlì Òkè-Afà. Ewéko ti bo ojú omi náà, ó jọ ilẹ̀ nínú òkùnkùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó wọ inú rẹ̀, ìyá tòun tọmọ, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń ti àwọn tó wà níwájú. Àwọn tó kú lé ní ẹgbẹ̀rún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì kú sómi, níbi tó jìnnà sí iná. Ká ní rédíò ti tètè sọ̀rọ̀, ká ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan ti mọ ibi ìpéjọ rẹ̀, mélòó nínú wọn ni ì bá kú?

Àwọn kan á ní iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni ìgbàlà èèyàn nígbà jàǹbá, kí ará ìlú yéé tojú bọ̀ ọ́. Ẹ kọ́ wọn o, ẹ ò kọ́ wọn o, wọn yóò sáré wọbẹ̀ ṣáá. Ẹ̀kọ́ sì ń gba ẹ̀mí là: nígbà tí àrùn Ebola wọ Nàìjíríà ní oṣù Keje, 2014, àwọn tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìbẹ̀wò tó lé ní 18,000 láti ṣọ́ àwọn tó ti fara kan aláìsàn. Ẹni 20 ló kó o, ẹni mẹ́jọ kú, ó sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá. Owó ńkọ́? Lẹ́yìn omíyalé 2011, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún Ìbàdàn ní 2014. Afárá dára, gọ́tà dára, ṣùgbọ́n afárá kì í jí ẹni tó sùn. Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ojú-ẹsẹ̀ kò sì gba sìmẹ́ǹtì. Ti òṣèlú nìkan ni àtakò tó ní egungun nínú: bí ẹ bá dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn olóṣèlú ni yóò gba ẹ̀wù rẹ̀, kò sì ní pẹ́ di ẹ̀wù ìpáǹle. Òótọ́ ni, nítorí náà ẹ má dá ẹgbẹ́ kankan sílẹ̀. Ẹgbẹ́ onílé wà, mọ́gàjí wà, ìyálọ́jà wà, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì wà. Àwọn ló mọ ẹni tó gba ilé àti irú ẹrù tó ń wọlé lóru. Bí ẹrù náà bá ń kọ wọ́n lóminú, ta ni wọn yóò sọ fún tí kò ní lọ tú wọn fó fún ẹlẹ́rù? Ìyẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn.

Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ogún èèyàn tó mọ ìtọ́jú ojú-ẹsẹ̀ kí ọdún yìí tó parí. Kí rédíò máa pariwo 615 bí wọ́n ti ń pariwo orúkọ yín. Kí ẹ sì máa sọ fún wa ní gbangba ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn tó ni ẹrù Bódìjà bá dé, torí a mọ ibi tí irú ẹjọ́ báyìí máa ń sùn sí. Àwọn alága káńsù wa ńkọ́, Ọlọ́lá? Kí ni iṣẹ́ wọn gan-an lọ́jọ́ tí ilé bá wó?