Ẹ̀rí Ẹnu Kò Tó Lórí Ọ̀rọ̀ Ìtọ̀ Àgbà Ọkùnrin

Àwọn àìsàn kan wà tí ọkùnrin ilẹ̀ wa lè sọ fún gbogbo ayé, àwọn mìíràn sì wà tí kò ní í sọ létí ìyàwó rẹ̀ pàápàá. Bí ibà bá dá bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún dùbúlẹ̀, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́, wọn yóò sì wá kí i. Ṣùgbọ́n bí bàbá kan náà bá ń dìde nígbà mẹ́rin lóru nítorí ìtọ̀, tí ó ń dúró pẹ́ ní balùwẹ̀ kí nǹkan tó jáde, tí èyí tí ó jáde náà sì ń kán bí omi ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ ti tán, yóò pa á mọ́ra ni. Ẹ̀rù ń bà á kí ayé má baà sọ pé àtọ̀sí tí ó kó nígbà èwe ni. Nígbà tí kò bá lè mú un mọ́ra mọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní í bi í ní ìbéèrè kankan ni yóò lọ: ẹni tí ń polówó òògùn inú ìgò nínú ọkọ̀ èrò, tí yóò máa ròyìn àwọn bàbá tí ó ti mu ún, tí wọ́n sì ti ń tọ̀ ṣàà bí ọmọdé.

Ẹ̀rí ẹnu yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Mi ò sọ pé irọ́ ni àwọn bàbá náà ń pa. Ó ṣeé ṣe kí ara wọn yá lóòótọ́. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, ṣé òògùn náà ni ó wò wọ́n?

Abẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin ni ẹ̀yà ara kékeré kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní prostate. Kò ju awùsá kan lọ nígbà tí a wà ní ọ̀dọ́, ó sì yí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde ká bí òrùka ti ń yí ìka ká. Bí ọjọ́ orí bá ti ń ga ni ó ń wú, bí ó bá sì ti ń wú ni ó ń fún ọ̀nà ìtọ̀ pọ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ara àwọn ọkùnrin tí ó ti kú wò, wọ́n rí wíwú yìí lára nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó kú láàárín ọdún 51 sí 60, àti lára èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó lé ní ọgọ́rin ọdún. Kò kan àtọ̀sí, kò kan èpè. Wíwú yìí kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé jẹjẹrẹ lè mú ẹ̀yà ara kan náà, tí ó sì jẹ́ pé àyẹ̀wò ni ó lè fi ìyàtọ̀ hàn.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀pẹ kúkúrú kan ń hù níhà gúúsù ìlà-oòrùn wọn tí wọ́n ń pè ní saw palmetto. Èso rẹ̀ ni àgbo ìtọ̀ tiwọn, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni ó sì ń búra pé ó dára. Stephen Bent àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní San Francisco wá kó ọkùnrin 225 jọ, gbogbo wọn ti lé ní ọdún 49, ìtọ̀ sì ń yọ gbogbo wọn lẹ́nu. Wọ́n fún apá kan ní èso ọ̀pẹ náà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọdún kan gbáko. Wọ́n fún apá kejì ní hóró òfìfo, tí ó jọ òògùn ṣùgbọ́n tí kò sí òògùn nínú rẹ̀. Ẹni tí ń gbé e mì kò mọ èyí tí òun ń lò, ẹni tí ń fún un kò sì mọ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006, apá méjèèjì kò yàtọ̀ síra, ìbáà ṣe nínú bí ìtọ̀ ṣe ń yára jáde tàbí nínú bí prostate ṣe tóbi tó.

Àwọn tí ó fẹ́ràn ọ̀pẹ náà ní bóyá òògùn ni kò pọ̀ tó. Ó dáa. Michael Barry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún kó ọkùnrin 369 jọ ní ibùdó 11 ní Àríwá Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń gbé òògùn náà sókè títí ó fi di ìlọ́po mẹ́ta. Ìbéèrè méje ni wọ́n fi ń wọn ìnira ẹnì kọ̀ọ̀kan: ṣé ó máa ń dà bíi pé ìtọ̀ kò tán nínú rẹ, ṣé ó máa ń dá dúró kó tún tó ṣàn, ẹ̀ẹ̀melòó ni o ń jí lóru, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àmì 35 ni ti ẹni tí ìyà ń jẹ jù lọ. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 2011 ni pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 72, àwọn tí ó lo ọ̀pẹ kúrò ní 14.42, wọ́n bọ́ sí 12.22. Àwọn tí ó lo hóró òfìfo kúrò ní 14.69, wọ́n bọ́ sí 11.70!

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Ara àwọn tí kò lo nǹkan kan fẹ́rẹ̀ẹ́ yá ju ti àwọn tí ó lo òògùn lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí onímọ̀ ń kà sí. Ká ní wọ́n gbé gbohùngbohùn sí ẹnu ọ̀kan nínú wọn, ì bá búra pé òògùn ni ó wo òun, kò sì ní í mọ̀ pé òun purọ́. Ohun tí ó fà á kò ṣòro. Ìyọnu ìtọ̀ a máa kún, a sì máa fà bí ọ̀sà. Ìgbà tí ó bá kún jù ni ènìyàn ń wá òògùn kiri; nígbà tí ó bá wá fà fúnra rẹ̀, ohun tí a mu kẹ́yìn ni à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbàgbọ́ náà a sì máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Mi ò sí lára àwọn tí ń fi ewé àti egbò ṣẹ̀sín. Bí wọ́n bá gbé àgbo tiwa sórí òṣùwọ̀n kan náà tí ó sì yege, tayọ̀tayọ̀ ni n ó fi gbé e sójú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń polówó nínú ọkọ̀ kì í mú irú àbájáde bẹ́ẹ̀ wá. Nọ́ńbà NAFDAC ni ó máa ń nà sí wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé ẹ̀rí ìwòsàn ni. Ẹ wá awò ojú, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ wínníwínní tí ó wà lára páálí àwọn àgbo tí àjọ náà forúkọ wọn sílẹ̀: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí olóògùn náà ń sọ wò.

Òṣùwọ̀n tí ó já ọ̀pẹ Amẹ́ríkà sílẹ̀ náà ni ó gbé àwọn òògùn kan ga. Finasteride jẹ́ ọ̀kan, abúlé kan ni ìtàn rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1974, Julianne Imperato-McGinley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn ọmọkùnrin kan ní Salinas, ní orílẹ̀-èdè Dominican Republic, tí wọ́n jọ obìnrin nígbà tí wọ́n bí wọn, tí wọ́n sì wá di géńdé nígbà tí wọ́n bàlágà. Ara wọn kò lè sọ èròjà ọkùnrin inú ẹ̀jẹ̀ di oríṣi tí ó lágbára jù, prostate wọn sì wà ní kékeré. Àwọn olóògùn wá ohun tí yóò dí ìyípadà náà lọ́wọ́, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 1992.

Nínú ìwádìí tí John McConnell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2003, ọkùnrin 3,047 ni wọ́n ṣọ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin ààbọ̀, hóró òfìfo sì ni àwọn kan nínú wọn ń lò. Finasteride dín ewu pé àìsàn náà yóò burú sí i kù ní ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Doxazosin, tí ń dẹ iṣan ọ̀nà ìtọ̀, dín in kù ní 39. Àwọn méjèèjì pa pọ̀ dín in kù ní 66. Ibí yìí ni ẹ̀rí ẹnu tún ti ń tan ni jẹ. Doxazosin a máa tètè mú ara tuni, òun ni àwọn bàbá yóò yìn, ṣùgbọ́n òun nìkan kò dín iye àwọn tí ìtọ̀ wọn há pátápátá tàbí tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kù. Finasteride dín in kù, bẹ́ẹ̀ ó lè tó oṣù mẹ́fà kó tó fi agbára rẹ̀ hàn. Bàbá tí ó gbé e sọnù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì dán an wò rárá.

Dókítà ni kí ó kọ wọ́n fún yín o. Doxazosin lè fa òòyì nígbà tí àgbàlagbà bá dìde lórí ibùsùn. Finasteride a máa fa iye àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA, tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ prostate, wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì. Dókítà tí kò bá mọ̀ pé ẹ ń lò ó lè sọ pé kò séwu níbi tí ewu wà.

Ó ku ti ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ há pátápátá, tí ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ le bí àgbá. Nígbà mìíràn, Piriton tí ó lò nítorí ọ̀fìnkìn ni ó dá a sílẹ̀. Kò sí àgbo tí à ń dúró dè ní irú òru bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn lóru náà, kí wọ́n ki rọ́bà bọ ojú ara rẹ̀ kí ìtọ̀ rí ọ̀nà jáde, nítorí ìtọ̀ tí kò bá rọ́nà jáde a máa ba kíndìnrín jẹ́. Kí ó sì ka orúkọ gbogbo ohun tí ó ti mu fún dókítà, títí kan èyí tí ó rà nínú ọkọ̀.