Ta Ni Ó Lu Ihò Sí Ìdí Ọkọ̀?



Ní ọjọ́ kan, èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń ka Sūratu Yūnus. A dé aaya 22, níbi tí Ọlọ́hun Ọba ti sọ nípa àwọn tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi: atẹ́gùn dáadáa ń gbé wọn lọ, inú wọn ń dùn, àfi bí ìjì líle ṣe dé, tí ìgbì sì yí wọn ká. Ìgbà náà ni wọ́n ké pe Ọlọ́hun nìkan ṣoṣo. Ọmọkùnrin kan nawọ́, ó ní: “Ẹ jọ̀wọ́, Ùsítáàsì, bí gbogbo èrò bá ké pe Ọlọ́hun, kí ló dé tí àwọn mìíràn fi ń bá omi lọ?” N kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán dá a lóhùn. Ìtàn ọkọ̀ kan ni mo sọ fún un, òun náà ni mo sì fẹ́ sọ fún yín.

Le Joola ni orúkọ ọkọ̀ náà. Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti kàn án ní ọdún 1990. Àwọn ológun Senegal ni ó ń darí rẹ̀, tí wọ́n fi ń kó èrò láti Ziguinchor ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà lọ sí Dakar, olú-ìlú wọn. Ọ̀nà ilẹ̀ kò rọrùn: orílẹ̀-èdè Gáḿbíà dábùú rẹ̀, ìjà ọ̀tẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Casamance ní ọdún 1982 sì ti sọ ọ́ di ọ̀nà ewu. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ̀ yìí padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan tí wọ́n ti dá a dúró fún àtúnṣe, èrò ń wọ́ lọ síbẹ̀ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń padà sí ilé ẹ̀kọ́, ìyá tí ó di ẹrù ọjà, ìdílé tọmọ-tìyá, gbogbo wọn ni wọ́n wọlé.

Ọ̀sán ọjọ́ 26 oṣù náà ni ó ṣí ní Ziguinchor. Nǹkan bí 580 ènìyàn ni wọ́n kàn án fún. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 1,900. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ rí yóò mọ̀ pé bí ènìyàn bá dìde dúró nínú rẹ̀, ọkọ̀ á máa fì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ ńlá. Bí ìwúwo bá pọ̀ jù lókè, tí ọkọ̀ sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, agbára àtipadà dúró ṣinṣin kò sí mọ́.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, lójú òkun Gáḿbíà, ìjì dé. Òjò ń rọ̀, ìgbì ń gbá ọkọ̀, òkùnkùn ṣú biribiri. Ọkọ̀ fì, ẹrù yọ̀ tẹ̀lé e, ènìyàn ń wó lu ènìyàn, omi sì ń ya wọlé. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ tó mítà 79 ti dojú dé. Àwọn tí ó wà ní yàrá ìsàlẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Àwọn tí ó bọ́ síta rọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ tí ó ti di òkè. Ilẹ̀ mọ́ kí ìrànlọ́wọ́ ìjọba tó dé. Àwọn apẹja ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọkọ̀ wọn gbé àwọn tí ó ṣẹ́kù. Ènìyàn 64 péré ni ó yè, obìnrin kan ṣoṣo ni ó sì wà nínú wọn. Ìjọba ka òkú 1,863, èyí tí ó ju ti Titanic ọdún 1912 lọ. Ní ọdún 2003, wọ́n pa ẹjọ́ náà dé ní Senegal. Ọ̀gá awakọ̀, tí òun náà ti bá omi lọ, ni wọ́n di ẹ̀bi rù.

Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe àpèjúwe kan tí Imām Bukhārī gbà wá. Àwọn kan ṣẹ́ kèké nínú ọkọ̀: apá kan bọ́ sí òkè, apá kejì sí ìsàlẹ̀. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ní láti máa gòkè wá pọn omi. Wọ́n wá ní àwọn ìbá kúkú lu ihò sí ìpín tiwọn, kí àwọn má baà máa yọ ará òkè lẹ́nu. Bí ará òkè bá wò wọ́n níran, gbogbo wọn á parun. Bí wọ́n bá di ọwọ́ wọn mú, gbogbo wọn á là.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn tí ó fẹ́ lu ihò náà kò gbèrò ibi. Ẹni tí ó ń jẹ́ kí èrò wọ ọkọ̀ tí ó ti kún lè rò pé àánú ni òun ń ṣe. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ kò fẹ́ pẹ́ délé. Ẹni tí ó rí i kò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Lóru ni ìjì dé bá Le Joola, ṣùgbọ́n ní èbúté ni wọ́n ti lu ihò náà, nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì wà lórí ilẹ̀.

Mo jẹ́wọ́ ẹ̀bi tèmi náà. Ní etí ọ̀sà kan, ìyàwó mi wò mí lójú, ó ní: “Bàbá Àíṣà, ọkọ̀ yìí mà ti kún.” Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì kò kárí èrò. Mo ní: “Ọlọ́hun ń bẹ,” a sì wọlé pẹ̀lú àwọn ọmọ. A gúnlẹ̀ láyọ̀. Ṣùgbọ́n gígúnlẹ̀ láyọ̀ kò sọ àṣìṣe di ọgbọ́n. Ìyàwó mi fẹ́ di ọwọ́ mi mú, mo sì fi orúkọ Ọlọ́hun pa á lẹ́nu mọ́.

Èsì tí mo fún ọmọ náà nìyí: Ọlọ́hun gbọ́ igbe wọn, Ànábì sì ti sọ pé mùsùlùmí tí omi gbé lọ wà lára àwọn ṣàhídì. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àwa tí ó kù fi kádàrá bo àìbìkítà mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín lálẹ́ òní pé ẹni tí ó bá pẹ́ délé nítorí pé ó kọ̀ láti wọ ọkọ̀ tí ó ti kún, ìbáà ṣe lórí omi tàbí lórí títì, kò ní gbọ́ ìbáwí. Bí ọmọ tàbí aya bá sì ní “ó ti kún”, ẹ gbọ́ tirẹ̀.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ àwọn tí ó lọ, kí Ó sì ṣọ́ àwa tí ń rìn lójú omi àti lórí ilẹ̀. Āmīn. Wassalām.