Ọ̀dà àti Búrọ́ọ̀ṣì fún Ẹ̀kọ́ Àwòrán: Kí Ni Kí Á Rà?

Bí ìsinmi gígùn bá ti dé, tí ilé-kéwú sì ti jáde, àwọn ọmọ a máa wá ohun tí wọn yóò fi ọwọ́ ṣe. Ní Òṣòdì, ní Máfolúkù, ní Ìsọlọ̀, ìyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè kó ọmọ wọn jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, kí wọ́n sì pe olùkọ́ wá láti kọ́ wọn ní àwòrán kíkùn. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n orí kánfáàsì ni ọ̀pọ̀ ń ná owó tó yẹ kí wọ́n fi ra ọ̀dà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dà tí kò yẹ ọmọdé ni wọ́n sì ń gbé wọlé.

Ọ̀dà ákírílíìkì ni kí ẹ bèèrè. Omi ni a fi ń pò ó, omi náà ni a fi ń fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbẹ, ó di bí rọ́bà nìyẹn, omi kò tún lè tú u mọ́. Ọ̀dà tuntun ni nínú ayé: ní ìlú Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1950 sí 1960, ni irú èyí tí a ń fi omi pò ti jáde sí ọjà; ilé-iṣẹ́ Rowney sì gbé tirẹ̀ jáde ní Ìlú Ọba ní 1963.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gílọ́ọ̀sì tàn yín, èyí tí a fi ń kun ilẹ̀kùn àti irin. Wọn á ní ó ń dán, wọn á ní owó rẹ̀ kò pọ̀. Òórùn rẹ̀ kò dára fún yàrá tí ọmọ mẹ́wàá jókòó sí, karosíìnì tàbí pẹtiróòlù ni wọn á sì fi fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ láàárín ọmọdé! Èyí tó burú jù ni pé òjé a máa wà nínú òmíràn, pàápàá èyí tó pupa àti yẹ́lò. Ẹ rántí Zamfara ní ọdún 2010, níbi tí òjé inú erùpẹ̀ wúrà ti pa ọmọdé tó ju 400 lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí bí òjé ti lè kéré tó tí a lè ní kò léwu fún ọmọ. Nítorí náà, kódà lára ákírílíìkì, ẹ ka ara ike kí ẹ tó sanwó: kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ní májèlé, kí orúkọ cadmium má sì sí níbẹ̀.

Àwọ̀ ogún kọ́ ni ẹ nílò. Funfun, dúdú, pupa, búlúù àti yẹ́lò tó. Búlúù àti yẹ́lò á fún yín ní àwọ̀ ewé. Funfun ló ń tán jù, ẹ ra á ní ìlọ́po méjì.

Ọ̀rọ̀ búrọ́ọ̀ṣì kan ilé Mùsùlùmí gidigidi. Púpọ̀ nínú àwọn onírun líle tó wà lórí àtẹ, irun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Bí ẹ bá rí “hog” tàbí “bristle” lára igi rẹ̀, òun náà nìyẹn. Ohun tí ìwé wí lórí irun náà, ẹ bi àlùfáà yín. Ní ti iṣẹ́, ẹ̀rí mi ni pé onínáílọ́ọ̀nù ló dára jù fún ákírílíìkì, nítorí irun ẹran a máa mu omi, á sì rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Fífẹ̀ kan, alábọ́ọ́dé kan, tín-ín-rín kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó tán. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ sí i lórí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lábẹ́ fáànù ti tó láti ba búrọ́ọ̀ṣì jẹ́.

Ní Òṣogbo, nígbà tí wọ́n ṣe ẹ̀kọ́ àwòrán ní Mbari Mbayo ti Dúró Ládiípọ̀, tí Denis Williams kọ́kọ́ darí, tí Georgina Beier sì darí ní 1964, ohun èlò olówó ńlá kọ́ ló sọ wọ́n di olókìkí. Jimoh Buraimoh tó ń bójú tó iná eré Ládiípọ̀ wà níbẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ló wá ń lẹ̀ mọ́ pákó, ayé sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin náà, ẹ fi kánfáàsì sílẹ̀ ná. Odindi pílááwúùdù kan, ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8, bí káfíńtà bá gé e ní ẹsẹ̀ 2 sí 2, pákó 8 ni yóò fún yín. Bí ó bá pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, ó di 16. Ẹ fi sáńpépà họ ojú rẹ̀, kí ẹ fi ọ̀dà funfun olómi tí a fi ń kun ògiri kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Pákó tí wọ́n ti fi gílọ́ọ̀sì kùn rí kò ṣe é lò, ákírílíìkì á bó kúrò lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ aṣọ, ó lè wo ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun fún aṣọ òwú funfun.

Ìyókù wà nílé: agolo mílíìkì méjì fún omi, àkísà, ògbólógbòó bùbá, àwo pẹlẹbẹ fún pípo ọ̀dà. Àwo yẹn kò gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná o. Ẹ tẹ́ fóòmù tútù sábẹ́ bébà lórí rẹ̀ kí ọ̀dà má bàa tètè gbẹ, àgàgà nígbà ọyẹ́. Ẹ má da omi ọ̀dà sí gọ́tà. Ẹ jẹ́ kó sílẹ̀, kí ẹ kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sí ààtàn.

Bí ẹ kò bá fẹ́ àwòrán ohun ẹlẹ́mìí nílé yín, ẹ sọ fún olùkọ́ ṣáájú. Ewé, fèrèsé mọ́sálásí àti ọnà àdìrẹ pọ̀ tó fún ọdún kan. Ẹ sì ránṣẹ́ dá ẹ̀kọ́ dúró díẹ̀ kí àkókò ìrun tó kù fẹ́ẹ́rẹ́: ọ̀dà tó gbẹ mọ́ èékánná kò ní jẹ́ kí omi àlùwàlá kan ibẹ̀, ó sì di dandan kí a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ àti kànìnkànìn ha á kúrò pátápátá.