Ẹ Jẹ́ Kí Búrẹ́dì Ti Inú Ilé Wá

Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀, èmi tí mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó kò jẹ́ gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí ìlera. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, kò yẹ kí á ṣí i sílẹ̀ gbayawu fún ohunkóhun tí ó bá ṣáà ti dùn. Láti ayé Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tí ó di ọba búrẹ́dì l'Ékòó, ni a ti fi ọ̀fun wa lé àwọn oníbúrẹ́dì lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn kan nínú wọn ń da kẹ́míkà tí ń jẹ́ potassium bromate sínú ìyẹ̀fun kí ó lè tètè wú, títí NAFDAC, àjọ tí ń mójútó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fi fòfin dè é nítorí pé ó lè fa jẹjẹrẹ.

Ohun tí bromate ń fi ìkánjú ṣe, sùúrù lè ṣe é. Ẹ po ìyẹ̀fun àlìkámà tí a kò yọ èèpo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwúkàrà díẹ̀, iyọ̀ díẹ̀ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ fi aṣọ tútù bò ó di òwúrọ̀. Nígbà tí ẹ bá ṣí i, yóò ti wú, ihò wẹ́wẹ́ yóò kún inú rẹ̀, òórùn rẹ̀ yóò sì máa ta sánsán. Ẹni tí kò ní ààrò ìgbàlódé lè da yanrìn gbígbẹ sísàlẹ̀ ìkòkò irin tí ó wà lórí iná, kí ó gbé agolo búrẹ́dì lé e, kí ó sì kó ẹyín iná sórí ọmọrí.

Ní ti ṣúgà inú búrẹ́dì, ọwọ́ ẹni tí ń po ìyẹ̀fun ni ó wà, kò sì sí ìyá tí yóò mọ̀-ọ́n-mọ̀ bu àbùjù fún ọmọ rẹ̀.