Ẹ Má Fi Ojú Kékeré Wo Eṣinṣin Mọ́: Ìkìlọ̀ fún Gbogbo Ọlọ́jà Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀

Ẹ̀yin onílé oúnjẹ Ìkàrẹ́ Junction, ẹ̀yin alápatà Ọjà Ọba, ẹ̀yin tí ẹ ń se oúnjẹ fún awakọ̀ ní Ìfọ̀n, ẹ̀yin onílé búrẹ́dì, ẹ̀yin olóko adìyẹ, ẹ̀yin olótẹ́ẹ̀lì: ẹ fi ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀. Ẹ gbójú sókè. Ẹ wo wáyà tí gílóòbù yín rọ̀ mọ́.

Ṣé ẹ rí àmì dúdú wínníwínní tó bo wáyà yẹn? Kì í ṣe èéfín. Kì í ṣe eruku. Ìgbẹ́ eṣinṣin ni. Orí wáyà ló ń sùn lálẹ́, ibẹ̀ náà ló ń yàgbẹ́ sí. Lọ́sàn-án ńkọ́? Orí ẹ̀bà ni. Etí abọ́ ni. Orí ẹran tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ni. Ti orí wáyà ni ẹ rí, ẹ ò rí ti inú ọbẹ̀.

Ojú yín ti mọ́ ọn lára jù. Oníbàárà fọwọ́ lé e, ó fò, ó tún padà. Ẹ fi aṣọ ìnuwọ́ lé e, ó fò, ó tún padà. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní kò sí ọjà tí eṣinṣin kò sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́.

Eṣinṣin kò ní eyín. Kò lè gé ẹran jẹ. Bí ohun tó bà lé bá le, yóò pọ itọ́ àti ohun tó ti jẹ tẹ́lẹ̀ sí i lórí kó lè rọ̀, kó tó fà á mu. Ohun tó ti jẹ tẹ́lẹ̀ ọ̀hún, níbo ló ti jẹ ẹ́? Nínú ṣàláńgá ẹ̀yìnkùlé. Lára ajá tí ọkọ̀ pa sẹ́bàá títì. Nínú gọ́tà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ti ibẹ̀ dé inú abọ́ yín, kò sì nu ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kòkòrò àrùn tí àwọn onímọ̀ ti bá lára eṣinṣin ilé lé ní 100. Èyí tó ń fa táífọ́ọ̀dù wà níbẹ̀. Ti ìgbẹ́ ọ̀rìn wà níbẹ̀. Ti onígbáméjì wà níbẹ̀. Ẹyin aràn inú náà wà níbẹ̀.

Ní Gambia, ní ìparí àwọn ọdún 1990, wọ́n fín oògùn pa eṣinṣin láwọn abúlé kan, wọ́n sì fi àwọn abúlé mìíràn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Eṣinṣin nìkan ni wọ́n pa. Ìgbẹ́ gbuuru àwọn ọmọdé dín kù níbi tí wọ́n ti fín oògùn ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Ọmọ tí ẹ ń wí pé eyín ló ń hù, tó ń yàgbẹ́ bí omi láti àná, ṣé eyín ni lóòótọ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò.

Lọ́jọ́ Ajé, alápatà da ìfun tó ṣẹ́ kù sẹ́yìn ìsọ̀. Eṣinṣin kan ṣoṣo bà lé e. Ó yé ẹyin bí 100 sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ilẹ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣú, ẹyin ti di ìdin. Nínú ooru tiwa yìí, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún ni ìdin fi ń jẹun yó. Lẹ́yìn náà yóò wọ́ kúrò nínú ìdọ̀tí, yóò lọ wá ilẹ̀ gbígbẹ nítòsí, yóò sé ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo pupa. Kí Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì tó dé, ó ti jáde tìyẹ́tìyẹ́. Ọjọ́ díẹ̀ sí i, òun náà ti ń yé ẹyin. Abo kan lè yé tó 500 kó tó kú.

Ìgbà mélòó ni wọ́n ń kó ìdọ̀tí yín lọ? Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì? Ẹ kò kó ìdọ̀tí nígbà náà. Ẹ ń sin eṣinṣin.

Ẹ má sì sọ fún mi pé ẹ ń fín oògùn. Àwọn tí ẹ ń fín oògùn sí nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ti dàgbà ni. Àwọn ọmọ wọn ń bẹ nínú ààtàn, oògùn yín kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ pa ogún láàárọ̀, igba jáde lọ́sàn-án. Oògùn náà sì ń mọ́ eṣinṣin lára. Nígbà tí oògùn apakòkòrò DDT dé, gbogbo ayé ní ó tán fún eṣinṣin. Kí ọdún 1947 tó parí, eṣinṣin tí DDT kò ràn mọ́ ti wà ní Sweden àti Ítálì. Oògùn tí ẹ ń fín lóòjọ́ láìkó ilẹ̀, ẹ̀yin gan-an lẹ ń kọ́ eṣinṣin bí yóò ṣe gbé e mì.

Èyí tó burú jù ló kù. Mo ní láti pariwo rẹ̀.

Àwọn kan wà nínú ọjà tí wọ́n ń fi oògùn apakòkòrò Sniper lé eṣinṣin kúrò lórí ẹja gbígbẹ. Wọ́n ń fín in sórí ẹran. Wọ́n ń fi òtápíápíá ra ara pẹpẹ tí wọ́n pàtẹ pọ̀nmọ́ sí. Ẹ gbọ́: dichlorvos ló wà nínú Sniper. Iṣan ara ló ń bá jà, ti eṣinṣin àti ti ènìyàn. Itọ́ á máa dà, ojú á máa ṣú, èémí á máa gé, gìrì á dé. Ẹnu àjọ NAFDAC ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 2019 ni wọ́n fòfin de títa ìgò rẹ̀ kékeré nínú ọjà gbangba. Ṣé ẹni tí ń tà á kò sí lọ́jà mọ́? Ẹ̀yin náà mọ ìdáhùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹja, ẹ la ojú yín. Bí ẹ bá dé ìdí àtẹ ẹlẹ́ja kan lọ́sàn-án gangan, tí eṣinṣin bo gbogbo àtẹ tó yí i ká, tí ẹyọ kan ṣoṣo kò sì bà lé ti ẹni yìí, tí kò bò ó, tí kò fi nẹ́ẹ̀tì sí i, ẹ má rà á. Sísè kì í sọ májèlé di oúnjẹ.

Ará Ọ̀wọ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ nípa ibà Lassa. Lọ́dọọdún tí ọyẹ́ bá ti dé, ìjọba ìbílẹ̀ wa méjèèjì, Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, ń wà lára àwọn tó máa ń jìyà rẹ̀ jù ní Nàìjíríà. A mọ ọ̀nà ọsibítù FMC Ọ̀wọ̀. A mọ àwọn tó lọ tí wọn kò bọ̀. Nítorí rẹ̀ la ṣe ń da gàrí sínú ike onídèérí kí eku má bàa dé ibẹ̀. Nítorí rẹ̀ la ṣe ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sá gàrí sórí ilẹ̀ lásán. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí eku ń jẹ lóru, òun náà ni eṣinṣin ń jẹ lọ́sàn-án. Ẹ bo gàrí, ẹ wá ṣí ààtàn sílẹ̀ gbayawu! Ta lẹ ń tàn?

Nígbà tí òjò bá sì dé, tí ẹnu wa kúrò lórí eku, ìgbà náà gan-an ni eṣinṣin ń gbilẹ̀. Máńgòrò á máa rà nílẹ̀. Gọ́tà á kún. Omi ṣàláńgá á máa ṣàn. Onígbáméjì fẹ́ràn irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2021, àwọn tí wọ́n fura sí pé onígbáméjì mú ní Nàìjíríà jẹ́ 111,062. Àwọn tó kú nínú wọn jẹ́ 3,604. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ó tún gbé ara rẹ̀ dé Èkó. Ẹ má sọ pé Èkó jìnnà. Mélòó nínú ọkọ̀ tó ń gba Ọ̀wọ̀ kọjá lójoojúmọ́ ni kò ti Èkó wá?

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ibi tí wọ́n ti ń bí wọn.

Odò ẹran. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sílẹ̀ tí kò ní sìmẹ́ńtì, bọ̀tọ̀ inú màlúù wà lókìtì, ìwo àti pátákò wà níbẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Eṣinṣin ńlá aláwọ̀ ewé tó ń dán yẹn, ara ẹran gan-an ló ń yé ẹyin sí. Ẹran tó kúrò níbẹ̀ láàárọ̀ lè gbé ẹyin dání dé ìsọ̀ yín.

Oko adìyẹ. Níbí ni mo fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ olóko kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ìgbẹ́ adìyẹ tó gbẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ bí eṣinṣin. Èyí tó tutù ló ń bí i. Kí ló ń mú un tutù? Ike omi tó ń jò. Òrùlé tó ń jò. Ẹ̀yin rò pé omi díẹ̀ ni, ẹ fi sílẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, gbogbo àdúgbò ti ń bú yín. Eṣinṣin lè fò ju kìlómítà kan lọ láti wá oúnjẹ. Kì í bi yín léèrè ibi tí ààlà ilẹ̀ yín wà. Ìyá tó ń ta ìrẹsì ní ìsàlẹ̀ òkè ń jìyà ike omi yín, kò sì mọ̀. Ẹ tún ike náà ṣe lónìí. Ẹ da lẹ́búlẹ́bú pákó gbígbẹ sórí ibi tó tutù. Bí ẹ bá kó ìgbẹ́ náà jáde, ẹ bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ má kó o jọ sẹ́bàá títì kí ẹ máa dúró de ẹni tí yóò rà á.

Ilé gàrí náà wà níbẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ tó ń rà nínú omi ara rẹ̀, ibùsùn ìdin ni. Ẹ tètè sá a kó gbẹ, kí ẹ tó fún ewúrẹ́ jẹ.

Ní ilé ọtí àti òtẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe eṣinṣin ńlá nìkan. Kantíkantí ń bẹ. Ẹ̀yin ń wá a lójú fèrèsé, inú ihò omi yín ló wà. Nínú ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ara páìpù. Nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí tó kù nísàlẹ̀ ìgò. Lábẹ́ kéréètì tí wọn kò gbé kúrò láti ọjọ́ ọdún. Oògùn kò kan ibẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì, ọṣẹ àti omi gbígbóná ló kan ibẹ̀.

Àwọn àgbà kò gbàgbé wòléwòlé. Tó bá yọ lókèèrè, gbogbo agbolé á mú ìgbálẹ̀. A fi wọ́n ṣẹ̀sín, a ní wọ́n le jù. Èmi ní tèmi, mo fẹ́ kí wọ́n padà, kí wọ́n tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ kò sì ní àwáwí: ọjà, odò ẹran àti ìdọ̀tí kíkó, iṣẹ́ wọn ni nínú ìwé òfin ọdún 1999 tí Nàìjíríà ń lò. Wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ yín lọ́jà. Ẹ bi wọ́n léèrè ọkọ̀ ìdọ̀tí. Ẹ bi wọ́n léèrè omi odò ẹran. Ṣùgbọ́n ẹ má jókòó dè wọ́n. Ìdin kì í dúró de ìpàdé káńsù.

Kí lẹ óò ṣe? Garawa ìdọ̀tí tó ní ìdérí tó wọ̀ ọ́n gírí. Kó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ibi tí ẹ ti ń dáná. Ẹ dà á nù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ẹ fọ garawa náà, nítorí pé ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan tó láti bọ́ ìdin. Nẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé àti lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ẹran nínú àpótí onígíláàsì. Fáànù tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, tí atẹ́gùn rẹ̀ le, nítorí eṣinṣin kò lè fò dojú kọ atẹ́gùn líle. Bí ẹ bá lówó ra ẹ̀rọ oníná búlúù tó ń fa eṣinṣin, ẹ má gbé e kọ́ sókè ibi tí oúnjẹ wà: eṣinṣin tí iná pa á máa fọ́ dà sílẹ̀. Ẹ má gbé e sí ojú fèrèsé tí wọ́n ti lè rí i láti ìta, nítorí ẹ ó máa pe ti aládùúgbò wọlé ni. Tákúté tí wọ́n fi ohun rírùn sí, ẹ̀yìn ilé ni tirẹ̀.

Bí nẹ́ẹ̀tì bá wọ́n lójú yín, ẹ ronú sí iye tí ẹ óò pàdánù lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé oníbàárà mẹ́ta láti ìdí oúnjẹ yín lọ sí ọsibítù. Ìròyìn rẹ̀ yóò ti dé Ìdóàní kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún Igogo yóò dé, àwọn ọmọ Ọ̀wọ̀ á ti òkè òkun àti ìdálẹ̀ wọlé, gbogbo òtẹ́ẹ̀lì á kún, ìkòkò kò ní kúrò lórí iná. Ilé oúnjẹ tó ń sin eṣinṣin láti oṣù Kẹfà ni yóò bọ́ wọn. Ṣé tiyín ni?

Ẹ má tíì padà sídìí iṣẹ́. Ẹ mú igi kékeré kan, ẹ lọ sídìí garawa ìdọ̀tí, ẹ tú ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí ìdin funfun tó ń yí, kò sí àyè dídúró de ọkọ̀ ìdọ̀tí. Ọjọ́ díẹ̀ ló kù kí wọ́n wọ́ lọ sínú ilẹ̀, níbi tí ọwọ́ yín kò ti ní tó wọn mọ́. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú tó nípọn, ẹ so ẹnu rẹ̀ pa pinpin, ẹ gbé e sínú oòrùn gangan títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ da omi híhó sínú garawa. Kí ẹ tó tún bu oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín.