Ọmọ Yín Ń Lọ sí Íńtáfíù Nọ́ọ̀sì: Ẹ Má Jẹ́ Kí Ó Há Ìdáhùn Sórí

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ jẹ̀bi rẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilé òun ni mo ń nàka sí.

Ọmọbìnrin kan wà nínú jámáà wa tí ó parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀fọ́ ni ìyá rẹ̀ ń tà, owó ẹ̀fọ́ náà ni ó sì fi rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ilé ìwòsàn kan pè é fún íńtáfíù, ìyá rẹ̀ mú un tọ̀ mí wá, ó ní, "Alùfáà, ẹ bá mi ṣe àdúà fún ọmọ yìí, kí ẹ sì kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ." Mo ṣe àdúà. Ṣùgbọ́n nítorí pé ilé-kéwú ni mo ti dàgbà, níbi tí a ti ń há nǹkan sórí lórí wàláà, mo ní kí ó lọ kọ ìbéèrè 20 pẹ̀lú ìdáhùn wọn, kí ó sì há gbogbo rẹ̀ sórí. Ó há a. Bí mo bá ní, "Ìkẹtàlá," yóò ka ìkẹtàlá bí omi tí ń ṣàn. Inú mi dùn.

Nígbà tí ó dé iwájú àwọn àgbà náà, ìbéèrè kìn-ín-ní tí wọ́n bi í kò sí nínú 20 tiwa. Wọ́n ní kí ó sọ nípa ọjọ́ kan tí aláìsàn bínú sí i, àti ohun tí ó ṣe. Ọmọ náà dákẹ́. Ó wá ìdáhùn nínú orí rẹ̀ títí, kò rí i. Ẹkún ni ó gbọ̀n ọ́n. Wọ́n ní kí ó máa lọ sílé. Ìyá rẹ̀ kò bá mi wí, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó tẹ̀lé e, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo fi ọ̀nà tí kò tọ́ han ọmọ rẹ̀.

Ìyá wa kan wà nínú Àsàlátù, mátíróònù tí ó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ó gbọ́, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Alùfáà, ẹ má bínú o. Ẹ kọ́ ọmọ yìí bí a ti ń kọ́ kéwú. Àwọn tí wọ́n jókòó síbẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ kéwú. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn lè fi aláìsàn sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lóru, kí àwọn sì lọ sùn." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ náà ni ìyá yìí ti ń jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ wa lẹ́yìn Àsàlátù, èmi náà a sì jókòó sẹ́yìn, n ó máa gbọ́. Ohun tí mo gbọ́ ni mo fẹ́ pín fún yín.

Èkíní, ìtàn ni kí ọmọ kó jọ, kì í ṣe ìdáhùn. Mátíróònù ní kí olúkúlùkù wọn wá ìtàn mẹ́fà jáde nínú iṣẹ́ tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nígbà ìkọ́ṣẹ́: ọjọ́ tí aláìsàn bínú, ọjọ́ tí òun ṣe àṣìṣe, ọjọ́ tí iṣẹ́ pọ̀ ju agbára lọ, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò wọ̀, ọjọ́ tí ó rí ohun tí kò dára tí ó sì sọ̀rọ̀, àti ọjọ́ tí iṣẹ́ náà mú inú rẹ̀ dùn. Ọ̀nà mẹ́rin ni kí ó pín ìtàn kọ̀ọ̀kan sí: ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, ohun tí ó já lé e léjìká, ohun tí òun tìkára rẹ̀ ṣe, àti ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. STAR ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọ̀nà mẹ́rin yìí. Ìṣẹ́jú méjì tó fún ìtàn kan. Ẹni tí ó bá ń sọ ohun tí ojú ara rẹ̀ rí kì í ṣìnà nínú rẹ̀, ibi yòówù kí ìbéèrè gbà yọ. Ṣùgbọ́n kí ó má dárúkọ aláìsàn kankan o! Ẹni tí ó bá tú àṣírí aláìsàn níwájú àwọn àgbà, wọn yóò mọ̀ pé yóò tú u lọ́jà pẹ̀lú.

Èkejì, kí ọmọ kọ́ bí a ti ń sọ "mo". Èyí ṣòro fún àwa Yorùbá. Láti kékeré ni a ti kọ́ ọmọ wa pé kí ó má yin ara rẹ̀ níwájú àgbà, kí ó má sì tẹjú mọ́ àgbà. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi ọmọ léèrè ohun tí ó ṣe, tí ó ń wí pé "a ṣe báyìí, a ṣe bọ́ọ̀hún", àwọn àgbà kò ní mọ èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá sì tẹ orí mọ́lẹ̀ jálẹ̀, ẹlòmíràn lè rò pé ó ń fi nǹkan pamọ́. Bí ó bá wọlé kí ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bí ó bá ti jókòó, kí ó gbé orí sókè, kí ó wo ẹni tí ó bi í ní ìbéèrè, kí ó sì sọ̀rọ̀ kí ó já gaara. Ẹ rántí Ànábì Yúsúfù. Nígbà tí ó dé iwájú ọba Íjíbítì, ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi sọ fún ọba pé òun tó ẹni tí a lè fi àká ìlú lé lọ́wọ́. Kò ṣe ìgbéraga. Ohun tí ó mọ̀ nípa ara rẹ̀ ni ó sọ, àwọn ènìyàn sì tipa bẹ́ẹ̀ rí oúnjẹ jẹ nígbà ìyàn.

Ẹ̀kẹta, kí ó mọ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ débi pé bí a bá jí i lójú oorun yóò lè sọ ọ́. Wọ́n lè ní: "Ìwọ nìkan ni o wà ní wọ́ọ̀dù, aláìsàn mẹ́ta pè ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ni ìwọ yóò kọ́kọ́ lọ bá?" Ariwo kọ́ ni a ń wò. Ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dí ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ẹni tí kò lè mí dáadáa, lẹ́yìn náà ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀; kí ó sì ké sí ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́. Wọ́n lè béèrè ìgbà tí ó yẹ kí ó fọ ọwọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ìgbà márùn-ún: kí ó tó fi ọwọ́ kan aláìsàn; kí ó tó ṣe iṣẹ́ tí ìdọ̀tí kò gbọdọ̀ wọ̀, bí ìtọ́jú ojú egbò; lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara bá ti lè kàn án; lẹ́yìn tí ó bá fi ọwọ́ kan aláìsàn tán; àti lẹ́yìn tí ó bá fi ọwọ́ kan ibùsùn tàbí ohun mìíràn tí ó yí aláìsàn ká. Àwa tí ń kí ìrun márùn-ún lójúmọ́, iye yìí kò yẹ kí ó ṣòro fún wa láti rántí. Ní ti oògùn, márùn-ún náà ni: aláìsàn tí ó tọ́, oògùn tí ó tọ́, ìwọ̀n tí ó tọ́, ọ̀nà tí ó tọ́, àkókò tí ó tọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ó wúwo jù. Wọn yóò ní, "Bí o bá fún aláìsàn ní oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀ ńkọ́?" Ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò yára wí pé, "Èmi kò lè ṣe irú rẹ̀ láéláé." Ìdáhùn yẹn kò dára, nítorí pé àwọn àgbà tí ó jókòó náà ti ṣe àṣìṣe rí. Kí ó ní òun yóò kọ́kọ́ yẹ aláìsàn náà wò, òun yóò pe dókítà àti ọ̀gá òun lójú ẹsẹ̀, òun yóò sọ òtítọ́, òun yóò máa ṣọ́ aláìsàn náà, òun yóò sì kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé. Ẹni tí ó bá fi àṣìṣe pamọ́ nítorí ìbáwí, ẹ̀mí ẹlòmíràn ni ó fi ń ṣeré. Bí ìbéèrè bá sì kọjá ìmọ̀ rẹ̀, kí ó wí pé, "N kò mọ èyí, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí n ó bi kí n tó fi ọwọ́ kan aláìsàn."

Ẹ̀karùn-ún, ìwé. Kí ó wo ìwé ẹ̀rí rẹ̀ àti láísẹ́ńsì tí Àjọ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ti Nàìjíríà fún un, bóyá ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Kí ojúlówó wà nínú fáìlì kan, kí ẹ̀dà wà nínú òmíràn. Kí ó gé èékánná, kí ó sì ti lọ wo ọ̀nà ilé ìwòsàn náà ṣáájú ọjọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ òkèèrè díẹ̀, nítorí pé ojú ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà ní Ìlú Ọba. Ní ọdún 2023, àjọ tí ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ níbẹ̀ kéde pé àwọn rí jìbìtì nínú ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí a ṣe ní ibùdó kan ní Ìbàdàn. Wọ́n ní kí àwọn tí ó ṣe é níbẹ̀ tún un ṣe. Ẹ wo bí ẹ̀tàn àwọn kan ti di ẹrù lórí àwọn tí ọwọ́ wọn mọ́! Bí àgẹ́ńtì kan ní Ìlú Ọba bá sì ní kí ọmọ yín san owó kí òun tó bá a wá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ pa owó yín mọ́; òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1973 kò gbà á láyè. Ní ti íńtáfíù wọn, kí ọmọ múra ìtàn sílẹ̀ lórí ohun mẹ́fà tí wọ́n là sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì ní 2012: ìtọ́jú, àánú, ìmọ̀ iṣẹ́, ìbánisọ̀rọ̀, ìgboyà àti ìfarajìn. Ní ti aṣọ, wọ́n fẹ́ kí apá wà ní gbangba láti ìgúnpá dé ọwọ́ nígbà ìtọ́jú aláìsàn. Ṣùgbọ́n ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020 ro ti obìnrin Mùsùlùmí, ó sì mẹ́nu ba ìbọpá tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a sì ń sọ nù. Kí ọmọ fi ọ̀wọ̀ béèrè kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ tiyín nìyí. Ẹ to àga mẹ́ta sí pálọ̀. Kí ìyá jókòó sí ọ̀kan, kí bàbá jókòó sí èkejì, kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò jókòó sí ẹ̀kẹta. Kí ọmọ kan ilẹ̀kùn, kí ó wọlé. Ẹ da ìbéèrè pọ̀ mọ́ ara wọn, ẹ má sì fi í rẹ́rìn-ín. Bí ẹ kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ìtàn rẹ̀. Ìtàn tí ó bá yé ìyá yóò yé àwọn àgbà ilé ìwòsàn. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, ẹ má rán an lọ sí ọjà. Ẹ jẹ́ kí ó sùn. Ẹ má sì wá ẹni tí ẹ ó fún ní owó nínú àpò ìwé. Bí rìbá bá gbé ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wọlé, aláìsàn ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ẹ ó béèrè ọmọ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ilé ìwòsàn mìíràn pè é. Wọ́n bi í nípa ẹ̀rọ kan tí kò rí rí, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n, ó sì sọ ẹni tí òun yóò bi. Wọ́n bi í nípa àṣìṣe, ó sọ ti ọjọ́ tí orúkọ obìnrin méjì bára mu ní wọ́ọ̀dù, tí oògùn ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu èkejì lọ́wọ́ òun, àti bí òun ti lọ jẹ́wọ́ fún olùkọ́ òun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún ìwé ìgbàsíṣẹ́ dé. Ìyá rẹ̀ gbé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wá sí ilé mi lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Mo ní kí ó gbé e lọ fún Mátíróònù, nítorí òun ni ó ni iṣẹ́ náà. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Alùfáà, mo ti ọ̀dọ̀ wọn bọ̀. Tiwọn pọ̀ ju tiyín lọ."

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́run fi iṣẹ́ rere ta àwọn ọmọ wa lọ́rẹ. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.