Ta Ni Ó Jẹ̀bi Ikú Ẹni Tí Ó Gun Kẹ̀kẹ́?

Ó ti di àṣà láàárín wa pé, bí ọkọ̀ bá gbá ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ ní ìgboro Èkó, ọ̀rọ̀ kìíní tí yóò jáde lẹ́nu àwọn tí ó pagbo yí i ká ni pé, “Kí ni ó wá dé ojú títì yìí?” Wọn kì í béèrè bí awakọ̀ ti ń sáré tó. Wọn kì í béèrè ẹni tí ó la títì náà tí kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún un. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n òkú kò lè rojọ́, nítorí náà òun ni a ń dá lẹ́bi. Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá jà, mo sì bẹ ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kí ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. (Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo ń wí, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ yí, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń pè ní Márúwá.)

Kẹ̀kẹ́ ológeere kì í ṣe àlejò ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Láyé àwọn bàbá wa, tíṣà tí ó bá ra kẹ̀kẹ́ di ẹni àpọ́nlé ní gbogbo àdúgbò, orí kẹ̀kẹ́ ni katikíìsì sì fi ń ti abúlé kan dé èkejì. Lónìí, ta ni ó ń gùn ún ní ìlú ńlá? Ọlọ́dẹ tí ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ ni, àti ẹni tí ń ta wàrà dídì, àti lébìrà tí owó dánfó ìbá jẹ owó oúnjẹ rẹ̀ tán. Wọn kò ní ẹni tí yóò bá wọn sọ̀rọ̀ níwájú ìjọba, èyí sì wà lára ohun tí ó mú kí ẹ̀bi yára lẹ̀ mọ́ wọn.

Ẹ wo ọ̀nà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń gbà. Láti ọjọ́ 2 oṣù April ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wa ọkọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún, etí títì lọ́wọ́ ọ̀tún náà ni a sì fi sílẹ̀ fún ẹni tí kò lè sáré. Ibẹ̀ gan-an ni dánfó ń yà sí lójijì láti gbé èrò. Ibẹ̀ ni a ń gúnlẹ̀ ọkọ̀ sí, tí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ń ṣí ilẹ̀kùn láìbojúwẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni yanrìn ń kó jọ sí, ibẹ̀ ni gọ́tà tí ìdérí rẹ̀ ti fọ́ sì ń la ẹnu sílẹ̀. Bí ó bá yà fún gọ́tà, ọkọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ó bá yà fún ọkọ̀, gọ́tà ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jù lọ ni ọkọ̀ akẹ́rù. Awakọ̀ rẹ̀ jókòó sókè réré, ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í sì í hàn sí i dáadáa. Nígbà tí ọkọ̀ náà bá fẹ́ yà sí ọ̀tún ní oríta, orí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ síwájú bí ẹni pé ó fẹ́ kọjá lọ, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn kì í tọ ipasẹ̀ táyà iwájú. Ṣe ni yóò gé igun náà kúrú, yóò sì gba àyè tí ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ dúró sí mọ́ ọn lára. Bí ó ti wù kí onítọ̀hún ṣọ́ra tó, ibi tí yóò sá gbà kò sí.

Ewu yìí kò mọ sí Èkó. Ní London, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, láti ọdún 2015 sí 2017, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá lọ́wọ́ nínú 63 nínú 100 jànbá tí ó pa àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ju nǹkan bí 4 nínú 100 ìrìn gbogbo ọkọ̀ ìlú náà lọ. Àwọn aláṣẹ kò torí èyí ní kí a gbé kẹ̀kẹ́ jù sí ààtàn. Láti oṣù March ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ju tọ́ọ̀nù 12 lọ kò gbọdọ̀ wọ ìlú náà láìgba ìwé àṣẹ, èyí tí a ń fún un gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ rẹ̀ ti lè rí ìta tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìṣirò, ẹ gbé èyí sí ojú pátákó. Ọkọ̀ tí ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ tó mítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí awakọ̀ bá lo ìṣẹ́jú àáyá kan kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ìjánu, ọkọ̀ ti rin mítà 17 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹwọ́ rárá. Bí ó bá jẹ́ 30 ni ó ń sá, mítà 8 àti díẹ̀ ni. Agbára tí ọkọ̀ fi ń gbá ènìyàn nígbà tí ó bá ń sá 60 kì í sì í ṣe ìlọ́po méjì ti 30, ìlọ́po mẹ́rin ni. Njẹ́ ẹni tí ó wá ń wàásù àkoto nìkan fún ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́, ṣé ó ti ro èyí? Kí ó dé àkoto, ó dára. Kí ó tan iná lálẹ́, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n a kò ṣe àkoto fún táyà ọkọ̀ akẹ́rù.

Àwọn kan a máa wí pé, “Àwa ọlọ́kọ̀ ni a ń sanwó títì.” Ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, láti 1958 sí 1960, a dìídì la àwọn títì kan láti fi wádìí ohun tí ń bà wọ́n jẹ́. Ohun tí ó hàn ni pé bí ẹrù orí ọ̀pá táyà bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tí ó ń ṣe sí títì di nǹkan bí ìlọ́po 16. Kí ni kẹ̀kẹ́ wúwo tó, àní tòun ti ẹni tí ó gùn ún? Bí a bá fẹ́ ka gbèsè títì, ẹ jẹ́ kí a kà á dé ìdí.

Àwọn mìíràn wí pé Èkó kò ní àyè. Irọ́ ni. Ní ọdún 2008, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gé apá kan títì láti Mile 12 dé CMS sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì BRT, nǹkan bí kìlómítà 22, bẹ́ẹ̀ ni a ti ń wí tẹ́lẹ̀ pé kò lè ṣeé ṣe. Ní 2018, ìjọba kan náà gbé ìlànà jáde nípa ìrìn ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́. Mo yìn wọ́n fún ìwé náà. Ìwé kì í dá dánfó dúró.

Ẹni tí ó bá rò pé ilẹ̀ Họ́láńdì ni a dá kẹ̀kẹ́ mọ́ láti ìpìlẹ̀, kò gbọ́ ìtàn. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gba títì wọn gẹ́gẹ́ bí ó ti gba tiwa. Ní 1971, nǹkan bí 3,300 ènìyàn ni ó kú lójú títì níbẹ̀, àwọn tí ó lé ní 400 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Akọ̀ròyìn kan, Vic Langenhoff, tí ọkọ̀ ti pa ọmọ rẹ̀ obìnrin, kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn ní 1972, ó pe àwọn òbí jọ. Orúkọ ẹgbẹ́ tí ó ti ibẹ̀ jáde túmọ̀ sí “Ẹ Dẹ́kun Pípa Ọmọdé”. Wọ́n jókòó sí ojú títì, ọkọ̀ kò rí ọ̀nà kọjá. Kì í ṣe ìjà wọn nìkan ni ó tún ìlú ṣe, nítorí epo bẹntiróòlù wọ́n ní 1973, òfin ọkọ̀ àti ìtọ́jú aláìsàn sì ti dára sí i. Síbẹ̀ a la ọ̀nà kẹ̀kẹ́, a dín eré ọkọ̀ kù ní àdúgbò, ní ọdún 2013 iye òkú ojú títì sì jẹ́ 570.

Ẹ̀yin olùkọ́, a ti kọ́ ọmọ láti wo ọ̀tún àti òsì. Ó tó àkókò kí a kọ́ ọ láti wo títì fúnra rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹ kó kíláàsì kẹfà jáde, kí ẹ rọra gba ẹ̀bá ọ̀nà láti ẹnu géètì dé oríta tí ó súnmọ́ yín. Kí wọ́n ka iye gọ́tà tí kò ní ìdérí, kí wọ́n ka iye ọkọ̀ tí a gúnlẹ̀ sí ibi tí kò yẹ, kí wọ́n wọn fífẹ̀ etí títì. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀, pẹ̀lú àkọtọ́ tí ó péye. Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí a fi í ránṣẹ́ sí òkè rẹ̀, nítorí bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí èsì kò dé, ẹ óò tún kọ òmíràn.